Etí Tí Wọ́n Tì Mọ́ Inú Fóònù Mi

Ẹ gbé omi yín kúrò níwájú mi ná. Kì í ṣe pé òùngbẹ kò gbẹ mí. Ẹ̀yin ará Ìdí-Àràbà, ẹ̀yin ọdẹ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin ìyàwó ilé yìí tí ẹ ń wò mí bí ẹni ń wo ìkookò tó wọ ọjà, mo mọ ohun tí ẹ ń sọ lábẹ́ eyín. Ẹ ń sọ pé kí ni Ọdẹ́rìnlọ ń wá níwájú ilé Ọ̀jẹ́dòkun, ilé tí kò gba iwájú rẹ̀ kọjá láti ọdún márùndínlọ́gọ́ta, tó jẹ́ pé bó bá ń lọ sóko, ọ̀nà odò ló ń gbà, tí yóò rìn yí abúlé po bí ẹni ń wá ewúrẹ́ tó sọnù. Ẹ jókòó. Ẹni tó bá níṣẹ́ kó lọ ṣe é. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ gùn ju ìrù ọ̀bọ lọ, n kò sì ní í fẹnu kan omi ilé yìí títí n ó fi sọ ọ́ tán.

Ilé ìwé ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ìwé karùn-ún ni mo wà. Ilé ìwé wa ní rédíò kan nígbà náà, ó tóbi tó àpótí aṣọ ìyàwó, wọ́n sì máa ń fi aṣọ funfun bò ó bí ọmọ tuntun. Èmi ni ọ̀gá ilé ìwé yàn láti máa gbé e láti yàrá rẹ̀ wá sí kíláàsì ní gbogbo Ọjọ́rú, nítorí èmi ni apá mi le jù. Ní Ọjọ́rú kan, mo gbé e wá, wọ́n tẹ̀ ẹ́, kò fọhùn. Wọ́n tú ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n rí i pé ẹnì kan ti já gbogbo ìfun inú rẹ̀. Ọ̀gá bèèrè ẹni tó ṣe é. Ọ̀jẹ́dòkun, tí a jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà, tí a jọ ń jẹun nínú abọ́ kan náà, ló dìde. Ó na ìka sí mi. Ó ní, "Ọdẹ́rìnlọ ni. Mo rí i."

Ẹgba mẹ́rìnlélógún ni wọ́n nà mí níwájú gbogbo ilé ìwé. Ọ̀gá ní bí mo bá dọ̀bálẹ̀ tọrọ àforíjì, kí n padà sáyè mi. Mo ní n kò lè tọrọ àforíjì ohun tí n kò ṣe. Ó ní ó dáa, kí n máa lọ sílé títí n ó fi rántí bí wọ́n ṣe ń dọ̀bálẹ̀. Mo lọ sílé. N kò tíì rántí. Bàbá mi fa ìbọn lé mi lọ́wọ́, ó ní ẹranko kì í bi ọdẹ léèrè ìwé. Ọ̀jẹ́dòkun ka ìwé tirẹ̀ tán, ó di tíṣà, ó di ọ̀gá ilé ìwé, ó ń wọ ṣòkòtò funfun lọ sí ìpàdé. Ẹni tó yàgbẹ́ ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Kí ẹ má baà rò pé ènìyàn yẹpẹrẹ ló ń bá yín sọ̀rọ̀, èmi ni mo pa ẹfọ̀n tó tú ìdílé mẹ́ta ká létí odò. Èmi ni ọ̀kẹ́rẹ́ ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí igi wá kí, kí n má baà gòkè lọ bá a. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹran tí mo yìnbọn sí láyé mi, ojú Ọ̀jẹ́dòkun ni mo ń rí lára wọn kí n tó fa ìbọn. Ìdí nìyẹn tí ìbọn mi kì í fi í tàsé.

Nígbà tí Ọdẹ́bùnmi ọmọ mi ra fóònù olójú fífẹ̀ yìí fún mi, ohun kan ṣoṣo ni mo ń fi í ṣe. Ìwé tí n kò kà tán kò jẹ́ kí ọwọ́ mi yá lórí kíkọ, ṣùgbọ́n fóònù náà ní ibì kan tí ènìyàn lè sọ̀rọ̀ sí, tí yóò sì pa ohùn ẹni mọ́. Gbogbo ẹni tó bá ṣẹ̀ mí, ibẹ̀ ni mo ń sọ ọ́ sí: orúkọ rẹ̀, ọjọ́ tó ṣẹ̀ mí, bó ṣe ṣẹ̀ mí. Ẹni tó bá ń gbàgbé ẹ̀ṣẹ̀ ni wọ́n máa ń tún ṣẹ̀. Nígbà tí mo fi gbéra ìrìn àjò tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹ̀sùn ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá ló wà nínú rẹ̀. Ẹ má wo ojú ara yín. Ọ̀pọ̀ yín wà níbẹ̀.

Ọdẹ́bùnmi náà ló mú ìròyìn wá láti ìlú ńlá. Ó ní ilé iṣẹ́ rédíò kan níbẹ̀ ń pe àwọn àgbà láti wá sọ ìtàn ayé wọn, pé ní ogún ọjọ́ sí i, Ọ̀jẹ́dòkun ni yóò sọ tirẹ̀, àti pé wọ́n ti kéde pé ọ̀rọ̀ rédíò ilé ìwé tó bà jẹ́ wà nínú ohun tí yóò sọ. Mo tu oúnjẹ tó wà lẹ́nu mi dànù. Mo ní bó bá tún irọ́ yẹn pa lójú gbogbo ayé, n ó fà á dé iwájú ọba, kó wá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ibi tó ti rí mi. Bó bá sì sọ òtítọ́, etí ara mi ni mo fẹ́ fi gbọ́ ọ. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ kó wá ròyìn fún mi. Ẹ̀yìn mi ni ẹgba náà bá.

Ẹ ó ní kí n yá rédíò. Ta ni n ó yá? Ikán ti jẹ tèmi. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù tó ní rédíò ní abúlé yìí, Ọ̀jẹ́lábí tó jókòó sọ́hùn-ún ni, àbúrò Ọ̀jẹ́dòkun. Má rẹ́rìn-ín, Ọ̀jẹ́lábí. O mọ̀ pé n kò lè wá. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì abúlé yìí náà sì dà bí àlejò tó jẹ gbèsè, bó bá yọjú, kì í jókòó. Mo gbé fóònù mi lọ sọ́dọ̀ Múkáílà tó ń tún fóònù ṣe ní ọjà Agbédè, mo bi í bóyá ó lè gbọ́ rédíò láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ó tẹ̀ ẹ́ síwá, ó tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn, ó ṣí i, ó fi irin tín-ín-rín tọ́ka sí ohun dúdú kan tí kò tó èékánná ọmọ ọwọ́.

Ó ní, "Bàbá, rédíò nìyí, ó wà níbẹ̀. Àwọn tó ṣe fóònù ló tì í pa."

Mo bi í pé ta ló máa ń kọ́ yàrá sínú ilé, tí yóò mọ ògiri dí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, tí yóò wá ta ilé náà fún onílé. Ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, kí n lọ ra rédíò kékeré kan, kò tó nǹkan. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ wò ó. Wọ́n ti fi rédíò tí n kò bà jẹ́ lé mi kúrò nílé ìwé. Nísinsìnyí, mo ní rédíò tèmi lápò, ẹni tí n kò rí rí tún ti tì í mọ́ mi. Mo ní láéláé, n kò ní í ra òmíràn, èyí tó wà lọ́wọ́ mi yìí ni yóò sọ̀rọ̀. Mo bi í níbi tí àwọn tó ń tì í ń gbé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní bóyá lẹ́yìn igbó tí iwin ń gbé. Ó fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Èmi kò gbà á ní ẹ̀fẹ̀. Mo ki ìbọn, mo so wáyà pańpẹ́ mi mọ́ ìdí, mo so fóònù mọ́ àyà, mo forí lé apá ibi tí oòrùn ti ń yọ.

Ìlú àkọ́kọ́ tí mo wọ̀, Ó-Wà-Níbẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Gbogbo agbo ilé ibẹ̀ ló ní kànga, gbogbo kànga ni wọ́n fi òkúta dé, gbogbo obìnrin ìlú sì ń rìn lọ pọn omi ẹrẹ̀ níbi tó jìn débi pé ẹni tó bá jáde ní òwúrọ̀, ìrọ̀lẹ́ ló ń dé. Mo bi àgbàlagbà kan pé ṣé kànga náà kò lómi ni. Ó ní omi wà níbẹ̀. Mo ní kí ló dé tí wọn kò fà á. Ó ní ẹni tó gbẹ́ ẹ ló dé e, kò sì sọ pé kí àwọn ṣí i. Mo bèèrè ibi tí ẹni náà wà. Ó ti lọ. Ìgbà wo ló lọ? Kí wọ́n tó bí bàbá òun.

Ẹ mọ̀ mí. Mo gbé ìbọn jókòó, mo fi èjìká ti òkúta. Kò tíì yẹ̀ tó ìka méjì tí gbogbo ìlú fi bò mí bí èèrùn, wọ́n sì gbé mi lọ síwájú ọba wọn. Ọba náà ti gbó débi pé irùngbọ̀n rẹ̀ ti ta gbòǹgbò. Kò bínú. Ó ní àjèjì tó bá fọwọ́ kan kànga yóò fi àlọ́ san án, àlọ́ náà sì nìyí: kí ló wà lára ènìyàn tí kò ní ìlẹ̀kùn, síbẹ̀ tí ènìyàn ń tì í? Mo ní ẹnu ni. Ó ní ètè ni ìlẹ̀kùn ẹnu. Mo ní ojú ni. Ó ní ìpéǹpéjú ńkọ́? Mo ní n kò ní àsìkò àlọ́, mo ń lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣí nǹkan. Ọba ní, "Ọdẹ, máa lọ. Bí o bá ń padà bọ̀, ìwọ fúnra rẹ ni yóò mú ìdáhùn wá." Mo jáde, mò ń kùn. N kò fẹ́ràn ẹni tó ń fi mí sílẹ̀ láìjẹ́ kí n borí.

Igbó tó tẹ̀lé ìlú náà, iwin ibẹ̀ pọ̀ ju ewé lọ, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń lo ara rẹ̀ pé. Mo rí èyí tó ní ìyẹ́ tó fẹ̀ bí ẹní, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn, ó sì ń tiro. Mo rí olójú mẹ́fà tí wọ́n rán mẹ́rin pọ̀ bí ẹnu àpò. Èyí tó jáde sí mi ní apá mẹ́rin, wọ́n sì ti de méjì mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ní ẹlẹ́ran ara kò gbọdọ̀ kọjá láìbá òun jà. A jà láti ìgbà tí ìrì ṣì wà lórí koríko títí oòrùn fi dé àtàrí. Ó gbé mi ṣánlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹjọ, n kò purọ́. Ní ẹ̀ẹ̀kẹsàn-án, mo fi ẹsẹ̀ kọ́ ọ, mo jókòó lé e láyà, mo sì bi í pé kí ló dé tí kò fi apá méjì tó kù bá mi jà, nítorí ká ní ó lò wọ́n ni, egungun mi ni wọn ì bá kó wálé.

Ó ní, "Bàbá ọdẹ, wọ́n ní kì í ṣe fún irú mi. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá mi ni wọ́n ti dè é."

"Ṣé o ti bèèrè rí?"

"Ṣé wọ́n máa ń bèèrè ni?"

Mo yọ ọ̀bẹ, mo gé okùn náà. Okùn lásán ni, ewúrẹ́ lè jẹ ẹ́ já. Ó na apá méjèèjì síwájú, ó wò wọ́n, kò mọ ohun tí yóò fi wọ́n ṣe. Nígbà tó yá, ó mú ọ̀kan lọ sí àárín ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì dé rí láyé, ó họ ọ́, ó bú sẹ́kún. Láti ọjọ́ náà ló ti ń tẹ̀ lé mi, Apá-Mẹ́rin ni mo sì ń pè é. Ẹni tó sì fẹ́ bi mí bí mo ṣe ń gba iná sí fóònù nínú igbó, irun orí iwin náà ń tàn bí iná. Bí mo bá ti gbé fóònù lé e lórí, ó kún.

Ọjọ́ méjì péré ni mo lò kí n tó dé ẹnubodè ìlú àwọn Atìlẹ̀kùn, àwọn tó ń ti nǹkan pa. Mo rò pé iṣẹ́ ti parí. Ẹ̀yin ará, ibẹ̀ ni ìyà ti bẹ̀rẹ̀. Oníbodè kan jókòó síbẹ̀, ó ga bí ọ̀pẹ, orí rẹ̀ kò ju ẹyin àparò lọ. Òkúta wẹ́wẹ́ méje wà nínú igbá níwájú rẹ̀. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n ṣí ohun tí wọ́n tì yóò jókòó fún ọjọ́ méje, òun yóò máa yọ òkúta kan lójúmọ́, ṣùgbọ́n ẹni náà kò gbọdọ̀ fọhùn. Mo ní kí ni ọjọ́ méje náà wà fún. Ó ní láti rí i bóyá mo fẹ́ ẹ lóòótọ́. Mo ní mo rìn láti Ìdí-Àràbà wá. Ó ní, "Ọjọ́ méje."

Mo jókòó. Ní ọjọ́ kẹta, ó sùn kó tó yọ òkúta. Mo rọra bi í pé mélòó ló kù. Ó la ojú, ó kó gbogbo òkúta padà sínú igbá. Mo tún bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ karùn-ún, ẹ̀sùn kún mi lẹ́nu. Mo yí ẹ̀yìn sí i, mo gbé fóònù sẹ́nu, mo sọ ẹ̀sùn kẹtàlá lé lọ́ọ̀ọ́dúnrún wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé, "Oníbodè, olórí ẹyin àparò, ó fi òkúta wẹ́wẹ́ ṣẹ̀ mí." Etí rẹ̀ kò tóbi ju ìṣáná lọ, síbẹ̀ ó gbọ́. Òkúta padà sínú igbá. Ẹ bá mi wò ó: èmi tí mo dúró lẹ́sẹ̀ kan láti àárọ̀ di alẹ́ de ìmàdò, òkúta méje ń fi mí ṣẹ̀sín. Mo lérí pé n ó yìnbọn fún un. Apá-Mẹ́rin fi ọwọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dì mí mú. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀kẹta, mo ká aṣọ, mo fi dí ẹnu ara mi, mo sì fi okùn de ọwọ́ mi kí n má baà gbé fóònù. Bí mo ṣe lo ọjọ́ méje náà nìyẹn. Nígbà tí ó yọ òkúta tó kẹ́yìn, ọjọ́ méjì péré ló kù kí Ọ̀jẹ́dòkun sọ̀rọ̀.

Ìyá Alágádágodo ni olórí ìlú náà. Àgádágodo ló wọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀, láti ọrùn dé kókósẹ̀, bó bá mí, gbogbo wọn a ró. Mo dọ̀bálẹ̀ kí i, nítorí àgbà ni, ṣùgbọ́n bí mo ṣe dìde ni mo gbé ìbéèrè mi kalẹ̀. Mo ní kí ló dé tí wọ́n fi rédíò sínú fóònù mi tán, tí wọ́n tún tì í.

Ó ní, "Ọmọ mi, ilé kan náà la ń kọ́ fún gbogbo ayé. Ìlú tó bá bèèrè yàrá, a ṣí i fún wọn. Ìlú tí kò bá bèèrè, a tì í."

"Ta ló wá bi àwa?"

"Ẹnikẹ́ni kò bi yín."

Kò tilẹ̀ sọ ọ́ bí ẹni tó ṣẹ̀. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò rọ̀ lánàá. Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi ju ẹgba ilé ìwé lọ, títí di òní, n kò sì tíì rí ibi tí n ó gbé e sí. Ó gba fóònù, ó ní òun yóò ṣí i, ṣùgbọ́n òfin kan wà: bí ìlẹ̀kùn bá ṣí, gbogbo ohun tí mo kó sínú ilé yóò pòórá, òun yóò sì gbọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó lọ, kí a má baà sọ pé òun ju ẹrù ẹlẹ́rù nù láìwò ó.

Ẹ̀yin ará mi, mo jókòó lé ìdí ìbọn mi. Ẹ̀sùn ọ̀ọ́dúnrún ó lé mẹ́tàlá! Iṣẹ́ ọdún mẹ́fà. Bí mo bá kọ̀, n kò ní í gbọ́ Ọ̀jẹ́dòkun. Bí mo bá gbà, gbogbo yín ni yóò lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ronú títí òjìji mi fi yí padà. Mo ní kó máa ṣí i.

Ohùn mi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. "Ọdẹ́níran, ó pín ẹtu, ó fún mi ní ọrùn dípò itan." Àgádágodo kan já bọ́ lára ìyá náà. "Ìyàwó Ọ̀jẹ́lábí, ó gbá ilẹ̀, ó gbá ìdọ̀tí sọ́nà mi." Òmíràn já. "Múkáílà, ó fi mí rẹ́rìn-ín." "Adìyẹ pupa kan, n kò mọ olówó rẹ̀, ó wò mí tìkàtẹ̀gbin." Apá-Mẹ́rin rẹ́rìn-ín níbi tó wà. Ìyá náà kò rẹ́rìn-ín. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ bí ẹni ń gbọ́ ìròyìn ilé. Nígbà tó ku díẹ̀, ó kan ọ̀kan tí mo sọ ní ọ̀sán ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún kejì sẹ́yìn. Ohùn mi ń sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé ẹnì kan ń yọ mí lẹ́nu nínú ilé mi. Lẹ́yìn ohùn mi, ilẹ̀kùn ń ró, kó, kó, kó, ẹnì kan sì ń pe orúkọ mi láti ìta.

Ìyá náà gbé ọwọ́ sókè. Ó ní, "Ta ni yẹn lẹ́yìn ilẹ̀kùn?"

Mo ní, "Afẹ́fẹ́ ni, Ìyá."

Ó ní, "Ó dáa. Afẹ́fẹ́ mọ orúkọ rẹ."

Ó pa á rẹ́ pẹ̀lú àwọn yòókù, ó fi èékánná kan ojú fóònù, ohun kan sì ké kẹ́ nínú rẹ̀ bí ìgbà tí kọ́kọ́rọ́ bá yí. Ó gbé e fún mi. Ó ṣófo bí igbá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

Mo sáré. Ọjọ́ tó pé bá mi nínú igbó àwọn iwin, ilé ṣì jìn. Mo tẹ rédíò náà. Ó jáde lóòótọ́, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó, ṣùgbọ́n ariwo bí òjò orí páànù nìkan ló ń sọ. Mo rántí pé Múkáílà sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, pé irú rédíò bẹ́ẹ̀ kì í gbọ́ràn láìjẹ́ pé ènìyàn ki wáyà etí bọ̀ ọ́. N kò ní wáyà etí. Ọdẹ tí kò bá ní oògùn yóò ní okùn. Mo tú wáyà pańpẹ́ ìdí mi, mo ki orí kan sínú ihò fóònù, mo ní kí Apá-Mẹ́rin gba orí kejì. Ó fi apá àtijọ́ gun igi ọ̀mọ̀ dé góńgó, ó fi apá tuntun na wáyà sójú ọ̀run. Ariwo náà là sí méjì bí omi. Ohùn Ọ̀jẹ́dòkun jáde láàárín rẹ̀. Ó ti gbó, ṣùgbọ́n òun ni. Ọdún márùndínlọ́gọ́ta kò lè pa ohùn yẹn dà létí mi. Mo di ìbọn mú. Olójú mẹ́fà àti oníyẹ̀ẹ́ wá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, a jọ gbọ́.

Ohun tó sọ nìyí, mo há a sórí:

"Ọdún tí mo wà ní ìwé karùn-ún ni bàbá mi kú. Wọ́n kéde ikú rẹ̀ lórí rédíò, bí wọ́n ṣe ń ṣe nígbà náà. Mo dúró lẹ́yìn fèrèsé ọ̀gá ilé ìwé wa, mo gbọ́ tí rédíò pe orúkọ bàbá mi ní kíkún, Ọ̀jẹ́níyì ọmọ Ọ̀jẹ́gbèmí. Ọjọ́ kẹta tí a sin ín nìyẹn. Mo rò pé inú ibẹ̀ ló lọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, nígbà tí àwọn yòókù lọ jẹun, mo wọlé, mo tú ẹ̀yìn rédíò náà. Mo wá a. Mo ń já wáyà kan tẹ̀ lé òmíràn, mo ń pè é. N kò rí ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ọ̀gá bèèrè, ẹ̀rù bà mí, mo na ìka sí ọ̀rẹ́ mi. Ọdẹ́rìnlọ kò ṣe é. Èmi ni. Ó lọ kúrò nílé ìwé nítorí mi. Mo ti lọ bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta láyé mi, n kò bá a nílé."

Wọ́n yí orin sí i. Apá-Mẹ́rin ń sunkún lórí igi.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Ohun tí àwọn àgbà kò sọ fún mi ni ohun tí ènìyàn yóò ṣe ní ọjọ́ kejì. Mo wá ìbínú mi níbi tí mo máa ń bá a, n kò bá a. Mo fẹ́ rí ọ̀dàlẹ̀, ọmọ tó ń wá bàbá rẹ̀ nínú àpótí ni wọ́n fi hàn mí. Inú bí mi pé inú kò bí mi mọ́. Mo gbé fóònù sẹ́nu gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi, láti sọ ẹ̀sùn tuntun sínú ilé tó ṣófo náà. Mo sọ ọjọ́. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Nígbà tó kan orúkọ ẹni tó ṣẹ̀, mo dákẹ́ títí fóònù fi pa ara rẹ̀.

Nígbà tí mo dé Ó-Wà-Níbẹ̀, ọba kò tilẹ̀ bi mí. Èmi ni mo dúró níwájú rẹ̀ tí mo ní, "Etí ni, Kábíyèsí." Ó ní kí wọ́n ṣí ọ̀nà fún mi. Mo wálé. Àná ni mo dé. Lónìí, mo gba ọ̀nà tí n kò gbà láti ọdún márùndínlọ́gọ́ta, mo jókòó síwájú ilé yìí, ẹ sì gbé omi wá fún mi bí wọ́n ṣe ń ṣe fún àlejò, mo ní kí ẹ gbé e kúrò.

Ọ̀jẹ́dòkun, ìwọ tí o jókòó sídìí òpó yẹn, tí o fi fìlà bojú, mo gbọ́ pé ìwọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú ńlá dé ni. O sọ fún gbogbo ayé pé o kò bá mi nílé. O fi ìyẹn bò mí láṣìírí. Ó yẹ kí àwọn ènìyàn yìí gbọ́ ọ lẹ́nu èmi fúnra mi. Mo wà nílé. Ní ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo wà nílé. Ní ìgbà kẹta, ní ọ̀sán ọ̀gbẹlẹ̀, o kan ilẹ̀kùn, o pe orúkọ mi, o ní òùngbẹ ń gbẹ ọ́, pé bí n kò bá fẹ́ rí ojú rẹ, kí n sáà gbé omi síta fún ọ kí o mu ún, kí o máa lọ. Ìkòkò omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, Ọ̀jẹ́dòkun. Ó kún. Mo gbọ́ ọ, mo sì dákẹ́.